A fi Ebola wọlé, a fi Kòrónà jáde: SS3 wa ní Agége, ẹ wá ká jọ rántí ọdún mẹ́fà

Akọ̀wé_Kíláàsì
Sátidé, 12 oṣù kẹsàn-án 2020, 8:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o. WAEC parí pátápátá lónìí. Èmi ti kọ tèmi tán láti Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n mo dúró de àwọn tó ṣì ní ìwé lọ́wọ́, torí mo mọ̀ yín, ẹ ó ní mo fò yín.

Kò sí ayẹyẹ ìdágbére. A ò ya fọ́tò tó kó gbogbo kíláàsì pọ̀. Ẹni tó bá ti kọ ìwé rẹ̀ tán, sẹ́kúrítì ti ń ṣí géètì fún un nìyẹn, wọn ò fẹ́ kí èrò pọ̀ lójú kan. Ọdún mẹ́fà, a sì túká bí ará ọjà tí òjò ká mọ́ ìsọ̀.

Mo fẹ́ kí kálukú kọ ohun tó bá rántí síbí. Òfin kan ṣoṣo ló wà: Yorùbá nìkan. Ṣé ẹ rántí JSS1? Ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, ogún náírà. Èmi ni wọ́n fún ní ìwé àjákọ pé kí n máa kọ orúkọ àwọn tó ń sọ fanákúlà. Mo kọ orúkọ èèyàn mẹ́rìnlá lọ́jọ́ kan. Ẹ má bínú. Níbí, ẹni tó bá kọ Gẹ̀ẹ́sì á san àádọ́ta náírà. Ọjà ti wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣíde. Ní 2014, wọ́n ti ra àpò fún mi, wọ́n ti rán yunifọ́ọ̀mù, ni ọkùnrin tó gbé Ebola wá láti Liberia bá balẹ̀ sí Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje. Ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ni ìwọlé, wọ́n tún yí i padà sí ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án. Èkó ní ti àwọn di oṣù kẹwàá. Ṣe ni mo máa ń wọ yunifọ́ọ̀mù yẹn jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ tí a wá wọlé, korobá omi àti ọṣẹ ló wà lẹ́nu géètì, olùkọ́ kan sì mú ohun kan dání bí ìbọn kékeré, ó ń nà án sí iwájú orí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan rí i báyìí, ó bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di ojú irin. Mi ò ní dárúkọ.

Ọmọ_Pẹ́ńsínímà
12 oṣù kẹsàn-án, 9:02 alẹ́

Èmi ni. Kí ló ń tì ẹ́ lójú?

Bro, ẹ ò mọ ohun tí ojú mi ti rí kí n tó dé ẹnu géètì yẹn. Ẹ rántí omi iyọ̀, tí wọ́n parọ́ pé ó ń dènà Ebola? Ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, nǹkan bí agogo mẹ́ta òru, ẹ̀gbọ́n màmá mi fóònù pé ká dìde, ká fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀, ká mu díẹ̀ níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbogbo àdúgbò ti jí. Ẹni tí kò ní iyọ̀ ń kan ìlẹ̀kùn ẹni tó ní. A wẹ̀ ẹ́. Ara ń yún mi títí di ọ̀sán. Bàbá mi ní tiẹ̀ ń jẹ orógbó, ó ń jẹ ẹ́ bíi pé wọ́n ń sanwó fún un. Wọ́n sì ti sọ fún mi pé ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, Yábá, níbi tí wọ́n ti ń ya àwọn tó ní Ebola sọ́tọ̀, ni wọ́n ń gbé e lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìwọlé, ara mi gbóná. Ẹ̀rù ló mú un gbóná. Ìgbà tí mo rí ìbọn, kí lẹ fẹ́ kí n dúró ṣe?

Akọ̀wé_Kíláàsì
12 oṣù kẹsàn-án, 9:05 alẹ́

“Bro”. Àádọ́ta náírà.

Bàbá_Ìṣirò
12 oṣù kẹsàn-án, 9:31 alẹ́

Èèyàn 20 ló ní Ebola ní Nàìjíríà, 8 ló kú, Dókítà Adadevoh tó tọ́jú ọkùnrin Liberia yẹn wà lára wọn. Ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 2014 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. A ò tíì lo oṣù kan ní JSS1. Èmi ò rántí ìkéde. Ohun tí mo rántí ni pé korobá ẹnu géètì ṣì wà níbẹ̀, omi ló tán nínú rẹ̀. Ṣe ni a ń kọjá lára korobá gbígbẹ yẹn títí dé JSS2.

Ní SS1, ibi tí mo jókòó sí ni abẹ́ ibi tí páànù ti lu. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ á kàn yípadà sí bọ́ọ̀dù, á máa kọ, torí kò sí ẹni tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa lọgarídímù, ojú ni mo fi gbà á, etí ò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè mi kò pọ̀. Ní oṣù kejì ọdún yìí, a dá ₦3,500 owó ayẹyẹ. Èmi san tèmi pé. Kò sí ayẹyẹ. Owó dà? Mo gba 241 nínú JAMB, wọ́n ń béèrè ₦2,000 fún ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, bàbá mi ò sì tíì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ_Òkè_Kòtò
12 oṣù kẹsàn-án, 9:40 alẹ́

Ó ti bá mi béèrè é. Akápò, ẹ fọhùn o.

Àgbà_1988
Àìkú, 13 oṣù kẹsàn-án, 7:15 àárọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àbúrò, mo kàn yà wọlé ni. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni a jọ lọ. 1982 ni mo wọlé, mo jáde ní 1988. Àwa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4. Àwọn tó ṣáájú wa, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó ṣe ìdánwò àṣejáde WASC. Wọ́n ní kí àwa ṣe JSS mẹ́ta, SS mẹ́ta. Nígbà tí a dé 1988, ìdánwò tí a fẹ́ ṣe, kò sí ẹni tó ti ṣe é rí ní gbogbo Nàìjíríà tí a lè bi pé báwo ni wọ́n ṣe ń béèrè. Kò sí ìwé ìbéèrè àtijọ́ kankan lọ́jà. Olùkọ́ ò mọ̀, àwa náà ò mọ̀. Torí náà mo mọ bó ṣe máa ń rí kí ọdún èèyàn yàtọ̀ sí ọdún ẹlòmíì.

Bàbá Ìṣirò, bọ́lọ́ọ̀kì gígùn tó kọjú sí ojú irin lò ń sọ, àbí? Ìgbà Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ilé adìyẹ. Wọn ò parọ́, ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi tí mo tẹ̀ lé, ọ̀sán ló máa ń lọ sílé-ìwé nígbà tó kéré, torí yàrá ò tó: àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án. Yóò ti tajà láàárọ̀, yóò ti rẹ̀ ẹ́, ìdí àga ni oorun ti máa ń gbé e lọ. Ní 1980 ni Jákàńdè fòpin sí i. Inú ilé adìyẹ yẹn ni mo ti kọ́ ìwé, láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ fojú àánú wo páànù náà.

Ọmọ_Pẹ́ńsínímà
13 oṣù kẹsàn-án, 7:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú àgbà. A ti dárí jin páànù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ẹ̀wà. Kò sí ẹni tó lè sọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wa láì dé ọ̀dọ̀ Ìyá Aganyin. Búrẹ́dì Agége tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú ààrò, tó ṣì ń rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ìyá á fi ọ̀bẹ la ikùn rẹ̀, á bu ẹ̀wà tó ti jinná kọjá ààlà sí i, á wá yí agolo ata dúdú yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó bù ú, kí epo má baà nìkan wá. Epo á gba ara búrẹ́dì jáde sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ, á dé ọrùn ọwọ́, á dé ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Màmá mi máa ń mọ iye ìgbà tí mo jẹ ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ tó bá ń fọ aṣọ. Ní JSS1, àádọ́ta náírà á yó èèyàn. Lọ́dún yìí, mo fún Ìyá ní àádọ́ta náírà, ó wò mí, ó ní, “Òórùn lo fẹ́ rà ni?”

Olùkọ́_Èdè
13 oṣù kẹsàn-án, 2:20 ọ̀sán

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Akọ̀wé ló pè mí wá. Mo ti kà á láti òkè dé ilẹ̀. Àmì ohùn yín níbí dára ju èyí tí ẹ kọ fún mi nínú ìdánwò àdánwò lọ. Mo wá mọ̀ pé ọ̀lẹ ni.

Ọ̀rọ̀ fanákúlà yẹn, ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Wọ́n ń san owó oṣù fún mi pé kí n kọ́ yín ní ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ bu owó ìtanràn lé yín. Tí mo bá jáde ní kíláàsì yín, mo máa ń bá àwọn ọmọ lórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Yorùbá ni wọ́n sọ. Mo máa ń kí wọn, màá kọjá. Mi ò sọ̀rọ̀. Mo ní ọmọ mẹ́ta nílé.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì 2018, Gómìnà Ambode fọwọ́ sí òfin tó sọ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó. SS1 lẹ wà. Ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́. Ọ̀gá kan tó ti máa ń sọ pé kí n dín òwe kù torí ariwo, ó wá bá mi tòun ti páálí lọ́wọ́, ó ní kí n jọ̀wọ́ bá òun kọ orúkọ òun pẹ̀lú àmì, òun fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Mo kọ ọ́. Mo fi gbogbo àmì sí i, títí kan ibi tí kò nílò rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Akọ̀wé_Kíláàsì
13 oṣù kẹsàn-án, 2:41 ọ̀sán

Haa, sà! Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá níwájú ilẹ̀kùn yẹn ni mo máa ń rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn
Ajé, 14 oṣù kẹsàn-án, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ ká dé orí ọdún yìí. Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kẹta, ni a lọ kẹ́yìn. JAMB ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí, wọ́n ní a ò ní wá lọ́jọ́ Ajé. A rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni. Mo fi ìwé Físíìsì mi sábẹ́ àga kí ẹrù má baà pọ̀. Kí kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 30, bàbá mi ti kó wa lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́dọ̀ bàbá bàbá mi.

Òfì ni bàbá àgbà ń hun. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní mi ò lè máa jókòó wo òun bí ọlọ́pàá, ó fún mi ní ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń hunṣọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi hun aṣọ. Ọ̀rẹ́ mi ń ju iṣẹ́ sí mi láti Èkó pé ìjọba ti gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n fún SS3. Rédíò Èkó ò dé Ìsẹ́yìn. Bàbá Ìṣirò ló máa ń fóònù mi ní agogo méjìlá òru, ìgbà tí owó ìpè dínkù, á máa pe ìbéèrè, èmi á máa kọ ọ́ sára ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Ó máa ń pariwo, ó ń rò pé torí mo jìnnà ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 8 oṣù keje, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní a ò ní ṣe WAEC, ó sàn kí a pàdánù ọdún kan ju kí a kó àrùn. Mo wà lórí òfì nígbà tí mo gbọ́ ọ. Bàbá àgbà ò bínú rárá. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á kọ́ mi ní ètù híhun. Kí a sọ òótọ́, mo ti ń gbà pé ó ti parí. Kí oṣù yẹn tó jáde, wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ. Kò sí owó ọkọ̀. Akápò ló fi ránṣẹ́ sí mi. Mi ò bi í pé ibo ló ti rí i.

Ọmọ_Òkè_Kòtò
14 oṣù kẹsàn-án, 6:44 ìrọ̀lẹ́

Àwa ti mọ ibi tó ti rí i báyìí.

Abẹ́rẹ́_Ọlọ́nà
14 oṣù kẹsàn-án, 10:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì ti gbàgbé mi. Mo jókòó ní ìlà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, títí di tẹ́ẹ̀mù kejì SS1. Nígbà tí iṣẹ́ títì dé, ìsọ̀ màmá mi kúrò lójú ọ̀nà, owó mi ò tó mọ́, wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà lójú ọ̀nà tí ẹ ń gbà lọ sílé. Ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán, ẹ̀yin ni mò ń rí. Mo máa ń mọ̀ pé sòkòtò ẹnì kan ti kúrú kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀. Mẹ́ta nínú yín ti wá kí n tú ìṣẹ́tí sòkòtò, kí ó lè gùn sí i. Mi ò gbowó. Nígbà tí wọ́n ń hú ilẹ̀ afárá Pẹ́ń Sínímà, mo mọ ẹni tó ṣubú sínú ẹrẹ̀ tó sì wá fọ ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi wa kó tó délé. Òun náà mọ ara rẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi.

Ẹ rọra fi ẹnu ba Akápò. Ìbòmú tí wọ́n pín fún yín lẹ́nu géètì láàárọ̀ ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, méjì-méjì, ta lẹ rò pé ó rán an?

Bàbá_Ìṣirò
14 oṣù kẹsàn-án, 10:11 alẹ́

Ilé-ẹ̀kọ́ kọ́?

Abẹ́rẹ́_Ọlọ́nà
14 oṣù kẹsàn-án, 10:19 alẹ́

Èmi ni. Alẹ́ mẹ́rin, lẹ́yìn tí ọ̀gá mi bá ti lọ, iná àtùpà. 124. Ìgbìmọ̀ yín ti ra ankara ayẹyẹ láti oṣù kejì, wọn ò fi hàn yín kí ó lè ba yín lójijì. Ó jẹ́ aláwọ̀ aró, ó ní ẹyẹ aláwọ̀ ìyeyè. Òun ni mo gé. Ẹyẹ náà tóbi, ìbòmú kéré, kò sí ìbòmú kan tó gba odidi ẹyẹ. Mo gbìyànjú.

Bàbá_Ìṣirò
14 oṣù kẹsàn-án, 10:26 alẹ́

Ẹyẹ tèmi ò ní orí. Láàárín ìwé ìṣirò, ìwé tí a fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìbéèrè kẹsàn-án fẹ́ pa mí, mo ń wo ẹni tó jókòó níwájú mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó yíjú, ìbòmú rẹ̀ jẹ́ ìyẹ́ méjì, kò sí ara. Mo rò pé ebi ló ń pa mí.

Ọmọ_Pẹ́ńsínímà
14 oṣù kẹsàn-án, 10:30 alẹ́

Ìrù ni tèmi!! Ìrù nìkan! Mo sì fi ya fọ́tò.

Akápò
Ìṣẹ́gun, 15 oṣù kẹsàn-án, 5:12 àárọ̀

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé. Mò ń kọ èsì, mò ń pa á rẹ́.

Ẹni mọ́kànlélógójì ló san ₦3,500 pé. Àpapọ̀ ₦143,500. Mo san ₦50,000 àsansílẹ̀ fún gbọ̀ngàn. Onígbọ̀ngàn ní òun ò ní dá a padà, pé òun kọ́ lòun mú Kòrónà wá. Aṣọ, ìdì mẹ́rìnlá, ₦2,200 ìdì kan, ₦30,800. Rọ́bà àti òwú ìbòmú, ₦3,000. Owó ọkọ̀ àwọn méjì tó wà lẹ́yìn Èkó, ₦9,700. Ó ku ₦50,000. Inú kóló ló wà, mi ò ṣí i.

Èyí tó kù ni mi ò lè kọ láti ọjọ́ yìí. Ìdì aṣọ méjì ni a gé. Ìkẹta wà lọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́. Mọ́kànlá ò sí mọ́. Ní oṣù karùn-ún, màmá mi tà á. Kò bi mí. Ẹ mọ̀ pé oúnjẹ sísè ló ń tà níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń pàdé, ọkọ̀ ò sì rìn. Mo ti ibi tí mo ti lọ pọnmi dé, mo rí àyè lábẹ́ ibùsùn. Mo bi í, ó ní, “Ìrẹsì tí o jẹ lánàá ńkọ́?” ₦24,200 ni owó rẹ̀. Ó ti dá ₦8,000 padà láti ìgbà tí ọjà ti ń ṣí. Ó máa ń gbé e sórí tábìlì mi láì sọ̀rọ̀, igba náírà, ọ̀ọ́dúnrún. Ìyẹn wà lọ́tọ̀, mi ò da á mọ́ ti kóló.

Bàbá_Ìṣirò
15 oṣù kẹsàn-án, 6:40 àárọ̀

Tí a bá pín ₦50,000 sí ọ̀nà 41, ₦1,219 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ku ₦21.

Mo ṣírò rẹ̀ kí n tó ronú. Ẹ má bínú. Akápò, ẹ kú ìfaradà.

Ọmọ_Òkè_Kòtò
15 oṣù kẹsàn-án, 8:15 àárọ̀

Èmi á sọ tèmi, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹkún pa mí lẹ́nu mọ́. Ebi pa ilé tiwa náà. Màmá tèmi kò ta ohun ẹlòmíì. Ohun tí ẹ fi owó wa ṣe dára, ìbòmú dára, ọkọ̀ Ìsẹ́yìn dára, ṣùgbọ́n ẹ ò bi wá. Èèyàn mẹ́ta ló mọ̀. Mo fẹ́ owó mi.

Akápò
15 oṣù kẹsàn-án, 8:20 àárọ̀

O tọ̀nà. Wá gbà á nírọ̀lẹ́ yìí.

Akọ̀wé_Kíláàsì
15 oṣù kẹsàn-án, 9:00 àárọ̀

Mo wà nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Ó yẹ ká bi yín. Ẹni tó bá nílò owó rẹ̀ fún ìdánwò àbáwọlé, kí ó lọ bá Akápò. Bàbá Ìṣirò, ìwọ ni àkọ́kọ́.

Àgbà_1988
15 oṣù kẹsàn-án, 1:10 ọ̀sán

Àwa náà dá owó ní 1988. Títí dòní, a ò mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ní ìwé ìṣirò rẹ̀.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn
Ìṣẹ́gun, 20 oṣù kẹwàá 2020, 5:35 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wà nílé kí ó fọhùn. Wọ́n ti kéde kónílé-ó-gbélé láti agogo mẹ́rin, mo sì gbọ́ pé àwọn kan nínú yín lọ síbi ìwọ́de tí wọ́n fi ń tako ọlọ́pàá SARS.

Ọmọ_Pẹ́ńsínímà
20 oṣù kẹwàá, 5:41 ìrọ̀lẹ́

Mo wà nílé. Èmi àti Bàbá Ìṣirò la jọ fẹsẹ̀ rìn padà.

Abẹ́rẹ́_Ọlọ́nà
20 oṣù kẹwàá, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ọmọ_Òkè_Kòtò wà lọ́dọ̀ wa níbí, kò rí ọ̀nà kọjá. Ó ń jẹ oúnjẹ mi.

Akápò
20 oṣù kẹwàá, 5:52 ìrọ̀lẹ́

Mo wà nílé.

Akọ̀wé_Kíláàsì
20 oṣù kẹwàá, 11:48 alẹ́

Mo ti pè gbogbo ẹni tí mo ní nọ́ńbà rẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ni wọ́n ní Ebola tán lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹ má jáde lọ́la.

Bàbá_Ìṣirò
Ajé, 2 oṣù kọkànlá 2020, 4:17 ìrọ̀lẹ́

Èsì ti jáde. Wọ́n ní ìdá 65.24 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege nínú iṣẹ́ márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. A1 ni mo gba nínú ìṣirò. C6 ni Gẹ̀ẹ́sì. Yunifásítì ṣì wà ní títì, àwọn olùkọ́ wọn wà lórí ìyanṣẹ́lódì láti oṣù kẹta, torí náà kò sí ibi tí a ń sáré lọ.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn
2 oṣù kọkànlá, 4:50 ìrọ̀lẹ́

B3 nínú ìṣirò! Kàlẹ́ńdà yẹn, bàbá àgbà ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ di òwú.

Ọmọ_Pẹ́ńsínímà
2 oṣù kọkànlá, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bi mí léèrè ìṣirò. Mo gba A1 nínú Yorùbá. Olùkọ́ mi, ẹ dákun, ẹ dìde dúró níbikíbi tí ẹ bá wà.

Olùkọ́_Èdè
2 oṣù kọkànlá, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dìde. Ọ̀lẹ ni ẹ́ lóòótọ́.

Abẹ́rẹ́_Ọlọ́nà
2 oṣù kọkànlá, 9:12 alẹ́

Ẹ kú oríire. Ìdì kan yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Yáàdì mẹ́fà ni, kò lè di aṣọ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n ó lè di fìlà fún ọkùnrin àti ìdirun fún obìnrin. Lọ́tẹ̀ yìí màá jẹ́ kí ẹyẹ pé, ẹ má yọnu. Ẹ fi okùn wọn orí yín yípo, lókè etí, kí ẹ kọ iye ìnṣì rẹ̀ síbí. Orí Bàbá Ìṣirò, mo ti mọ̀ ọ́n, mẹ́rìnlélógún.

Ọmọ_Pẹ́ńsínímà
2 oṣù kọkànlá, 9:14 alẹ́

Tèmi jẹ́ medium.

Akọ̀wé_Kíláàsì
2 oṣù kọkànlá, 9:15 alẹ́

Àádọ́ta náírà. Ó di ọgọ́rùn-ún.